Ọ̀pá tó di apá bàálù kékeré mú: bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, bí a ṣe ń tún un ṣe

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo gbé ọ̀pá irin kan sórí tábìlì iṣẹ́ ní ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ilé mi ní Òṣogbo, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi fi ayùn irin gé e ní apá ìsàlẹ̀. Ọ̀pá apá bàálù Piper kan tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀ tipẹ́ ni. Ọ̀dà funfun ara rẹ̀ ṣì ń dán, kò sí ibì kankan tó bó. Ọmọ náà gbára lé ayùn bí ẹni tó fẹ́ gé irin gidi, àmọ́ ṣe ni ayùn kàn wọlé bí ìgbà tí a bá ń gé iṣu. Nígbà tí ẹnu ọ̀pá là, ìyẹ̀fun pupa bí osùn dà sórí ìwé ìròyìn tí a tẹ́ sílẹ̀. Bí a bá gbá a jọ, á kún ife tíì kan.

"Ọ̀gá," ó ní, "ṣé eléyìí ni wọ́n so apá bàálù mọ́?"

Òun ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọ̀pá gígé yẹn kọ́ àwọn ọmọ, torí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ kò jù ú lọ: inú ni ọ̀pá irin ti ń kú, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ojú kì í sì í rí i.

Òṣogbo kò ṣàjèjì sí irin. Níbí ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tó ń na irin sí, níbí ni ti ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀rọ wà, àwọn wẹ́dà wa sì lè fi ojú lásán wọn géètì kó gún régé. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi máa ń bà mí díẹ̀ bí ọmọ ìlú wa bá wọ iṣẹ́ bàálù. Ìmọ̀ géètì á ti ṣáájú rẹ̀ dé ibi iṣẹ́. Bí irin géètì bá tẹ̀, wọ́n á fi iná sí i, wọ́n á nà án. Bó bá jẹrà, wọ́n á lẹ irin mọ́ ọn. Bí ojú rẹ̀ bá kò wọnú, wọ́n á fi pọ́tí dí i, wọ́n á kùn ún lọ́dà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lára géètì, èèwọ̀ ni lára ọ̀pá apá.

Kí n tètè sọ èyí náà: ìtọ́sọ́nà yìí kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹnjiníà. Ní Nàìjíríà, ẹni tí NCAA, àjọ tó ń ṣọ́ ọkọ̀ òfúrufú níbí, fún ní láísẹ́ǹsì fún irú bàálù bẹ́ẹ̀, tàbí ilé àtúnṣe tí wọ́n fọwọ́ sí, nìkan ló lè buwọ́ lu iṣẹ́ náà. Ẹni tó ni bàálù lè wò. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ wò. Ọmọ iṣẹ́ lè tú u lábẹ́ ojú ọ̀gá rẹ̀. Ẹ má kọjá ààlà yín.

Ohun tó ń ṣe ọ̀pá náà nígbà tí bàálù bá gbéra

Bàálù tí apá rẹ̀ wà lókè orí ni mò ń sọ: Cessna 172, 182, 206, Caravan, àti àwọn Piper àtijọ́ bíi Cub. Ọ̀pá kan, tàbí méjì lára Piper, ti ìsàlẹ̀ ara bàálù gun lọ sí àárín apá. Strut là ń pè é níbi iṣẹ́.

Bí mo bá bi àwọn ọmọ pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní ó ń gbé apá ró. Lórí ilẹ̀, òótọ́ ni, apá jókòó lé e. Àmọ́ bí bàálù bá ti gbéra, apá fẹ́ lọ sókè, ara bàálù sì wúwo, ọ̀pá náà ló ń fà wọ́n mọ́ra. Ó ti di okùn nìyẹn. Ìwúwo tí wọ́n gbà kí Cessna 172S fi gbéra kò gbọdọ̀ ju 1,157 kílò lọ, wọ́n sì ṣe é kó lè fara da ìlọ́po 3.8 ìwúwo yẹn bí atẹ́gùn bá jù ú tàbí tí awakọ̀ bá fà á sókè lójijì. Ìyẹn lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́rin. Ọ̀pá sì dagun, ohun tó bá dagun, ìfà rẹ̀ máa ń pọ̀ ju ẹrù tó gbé lọ. Ẹ ti rí ọmọ méjì tó fi okùn gbé korobá omi láàárín ara wọn rí. Bí wọ́n bá ṣe ń jìnnà síra wọn ni okùn ń le sí i lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ korobá kò wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Fífà lójú òfúrufú, títì nígbà tó bá balẹ̀ gbì. Bí ẹ bá ń tẹ wáyà lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, ẹ mọ ohun tó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Àárẹ̀ irin nìyẹn, ẹnu ihò bóòtù ló sì fẹ́ràn láti bẹ̀rẹ̀ sí.

Ìwé ni ẹ kọ́kọ́ ṣí

Ẹ wá ìwé àtúnṣe tó jẹ́ ti nọ́ńbà bàálù yẹn gan-an, kì í ṣe ti èyí tó jọ ọ́. Ẹ wá gbogbo àṣẹ ààbò tó kàn án, èyí tí a ń pè ní AD. Ti Piper ṣe pàtàkì jù. FAA, àjọ tó ń ṣọ́ ọkọ̀ òfúrufú ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ lórí ọ̀pá apá wọn lọ́dún 1981, wọ́n tún padà sí i lọ́dún 1993, lọ́dún 1999, àti lọ́dún 2015. Bí àjọ kan bá padà sí ọ̀rọ̀ kan nígbà mẹ́rin, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Kókó rẹ̀ ni pé ọ̀pá àtijọ́ tí wọn kò dí ẹnu rẹ̀ pa gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò lóṣù mẹ́rìnlélógún mẹ́rìnlélógún. Ọ̀pá tuntun tí wọ́n ti dí pa láti ilé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Cessna ní tirẹ̀. Lọ́dún 2020, FAA pàṣẹ pé kí wọ́n máa yẹ òpó ẹnu ọ̀nà wò níbi tí ìsàlẹ̀ ọ̀pá ti so mọ́ ara bàálù, lára díẹ̀ nínú oríṣi 172, 182, 206, 207 àti 210, nítorí wọ́n rí èyí tó ti sán níbẹ̀. Ọ̀pá lè dára tán kí ibi tó so mọ́ má dára.

Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá irin ni ọ̀pá tàbí alumíníọ́mù, ẹ gbé mágnẹ́ẹ̀tì kékeré sí i. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, bíi ti Piper: ìpáàrà láti inú ni ọ̀tá rẹ̀. Bí kò bá lẹ̀, alumíníọ́mù ni, bíi ti Cessna: ìyẹn kì í pupa, ṣe ló máa ń hu ìyẹ̀fun funfun bí èlùbọ́ tó bu, ọ̀dà orí rẹ̀ á sì wú bí ara ẹni tí iná jó.

Ojú, ọwọ́, etí

Òwúrọ̀ ni mo fẹ́ràn, kí oòrùn tó mú ojú ọ̀dà dán jù. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ọ̀pá, ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ omi líle sí ìdí rẹ̀. Ẹ yọ ìbòrí tó wà ní orí àti ìdí ọ̀pá kúrò pátá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í yọ ọ́, torí àwọn sukúrúù rẹ̀ kéékèèké ń dáni lágara, abẹ́ rẹ̀ gan-an sì ni ohun tí à ń wá máa ń farapamọ́ sí.

Ẹ dúró sí ìdí ọ̀pá, ẹ di ojú kan, ẹ fi èkejì wo gbogbo gígùn rẹ̀ bí ẹni tó ń yan ọparun. Ó gbọ́dọ̀ tọ́. Bó bá tẹ̀, iṣẹ́ ti parí lórí ọ̀pá yẹn títí ìwé yóò fi sọ ohun mìíràn. Lẹ́yìn náà ẹ wá ibi tó kò wọnú, ibi tó ha, ibi tí ọ̀dà ti là ní ìlà tín-ín-rín. Ojú ibi tó ha tó lọ pẹ̀lú gígùn ọ̀pá kò léwu tó èyí tó dábùú rẹ̀, torí èyí tó dábùú ni ìfà máa ń là sí méjì. Lára Cessna, ẹ wo àyíká ibi tí àwọn tó ń rọ epo ń tẹ̀ gun òkè. Mo ti rí ẹni tó gbé gbogbo ara rẹ̀ lé ọ̀pá níbi tí kò sí ìtẹ̀sẹ̀, ó ń kọrin.

Bí rífẹ́ẹ̀tì kan, ìṣó tí wọ́n fi so irin pọ̀, bá ní ìlà dúdú bí èéfín tó ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀, rífẹ́ẹ̀tì náà ń mì nínú ihò rẹ̀ ni. Bí omi pupa bá ti ṣàn láti ẹnu bóòtù, ẹ má nù ún kúrò kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan di orí apá mú, kó rọra gbé e sókè, kó sì tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdí ọ̀pá. Bí ẹ bá gbọ́ "kọ̀" kékeré kan, tàbí tí ọwọ́ yín gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́, ihò tàbí bóòtù ti jẹ. Ẹ sọ fún ẹni yẹn kó pa rédíò rẹ̀ ná.

Inú ọ̀pá irin

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pá irin tí a kò dí pa ń mí. Ní ọ̀sán, oòrùn á mú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wú jáde. Lóru tó bá tutù, á fa afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin wọlé, ìrì á sì sẹ̀ sára ògiri inú. Nígbà òjò, omi ń gba ẹnu òkè wọlé. Gbogbo rẹ̀ á ṣàn lọ sí ìdí, á dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá gbé ní àgbègbè odò Ọ̀ṣun mọ bí ọ̀rinrin ṣe ń ṣe páànù láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá. Ẹ wá ronú irin tí ògiri rẹ̀ kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń yẹ inú wò. Èkíní ni irinṣẹ́ Maule, tí wọ́n ṣe fún dídán aṣọ tí wọ́n fi bo ara bàálù wò: ọ̀pá kékeré kan tó ní sípíríǹgì àti nọ́ńbà lára. Ẹ ó yọ ọ̀pá apá kúrò, ẹ ó dojú ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ ó sì máa fi irinṣẹ́ náà tẹ ínṣì mọ́kànlá tó kángun sí ìdí, bíi sẹ̀ǹtímítà méjìdínlọ́gbọ̀n, títí nọ́ńbà á fi kan 80. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ibi púpọ̀, kó súnmọ́ra, ní ojú àti ní etí ọ̀pá. Irin tó dára kò ní mọ̀ pé ẹ tẹ òun. Bí ibì kan bá kò wọnú, bó ti wù kó kéré tó, ọ̀pá náà ti kú. Kò sí "ẹ jẹ́ ká tún ibòmíràn tẹ̀ wò". Mo ti bá oníbàálù kan jiyàn fún wákàtí kan lórí ojú kan ṣoṣo tí kò tó orí abẹ́rẹ́, nígbà tí a gé ọ̀pá náà, òun fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù jáde láti ya fọ́tò inú rẹ̀.

Èkejì ni ẹ̀rọ tó ń fi ìró wọn nínípọn irin. Wọ́n á fi òróró sí ojú ọ̀pá, wọ́n á gbé orí ẹ̀rọ náà lé e, nọ́ńbà á jáde. Ó sàn ju títẹ̀ lọ, torí pé ó máa sọ fún yín pé irin ti ń tán kó tó tán. Àmọ́ ẹni tí wọ́n kọ́ ni kó lò ó, nọ́ńbà tó kéré jù tí ọ̀pá iwájú àti ti ẹ̀yìn lè ní sì wà nínú àṣẹ náà. Ẹ má fi orí gbé e.

Ibi tí ẹ bá tẹ̀, ẹ tún un kùn kí ẹ tó dá ọ̀pá padà. Ọ̀dà ibẹ̀ ti là.

Yíyọ ọ̀pá láìjẹ́ kí apá wó

Ẹ di táyà mọ́lẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ fa epo inú apá kúrò. Ẹ gbé àga irin gíga tó ní tìmùtìmù lórí sábẹ́ apá, níbi tí ìwé sọ pé egungun apá wà, kì í ṣe ibi tó kàn rọrùn fún yín. Ẹ gbé apá sókè díẹ̀ báyìí, títí bóòtù ọ̀pá á fi lè fi ìka yí. Bí ẹ bá ní láti fi òòlù lu bóòtù jáde, ẹrù apá ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ dúró. Apá tí kò sí ohun tó tì í lábẹ́, bí bóòtù bá jáde tán, á já wálẹ̀, á sì fa ìdí ara rẹ̀ ya. Apá kan lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni má dúró sábẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń gbé tọ́ọ̀ṣì pàápàá.

Fọ́ọ̀kì

Lára Piper, ìsàlẹ̀ ọ̀pá ní fọ́ọ̀kì tí a ń yí wọlé tàbí jáde. Eyín rẹ̀ ni wọ́n fi ń tún ìdúró apá ṣe. Kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì tó dè é, ẹ ka iye eyín tó hàn síta, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo gbẹ́kẹ̀ lé orí mi. Mo dá fọ́ọ̀kì kan padà pẹ̀lú yíyí méjì tó lé. Awakọ̀ tó dán bàálù náà wò sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun kò rí bàálù tó ń rìn bí ẹni tó mu ẹmu àná rí. Ọ̀gá mi kò bá mi wí. Ó kàn gbé bírò lé mi lọ́wọ́.

Àárín eyín fọ́ọ̀kì ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀, abẹ́ nọ́ọ̀tì ló sì máa ń fara pamọ́ sí. Ojú kò tó fún un. Àṣẹ Piper ní kí a máa fi mágnẹ́ẹ̀tì àti lẹ́búlẹ́bú irin yẹ ẹ́ wò ní wákàtí 500 fífò kọ̀ọ̀kan: lẹ́búlẹ́bú náà á tò sí ojú ibi tó sán bí èèrà. Fọ́ọ̀kì tí wọ́n gé eyín rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ló tètè ń sán. Èyí tí wọ́n tẹ eyín rẹ̀ jáde lágbára jù ú lọ. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Ẹ má sì jẹ́ kí fọ́ọ̀kì jáde ju bí ìwé ṣe gbà lọ, kí ẹ má bàa rí ọ̀pá tí eyín mẹ́ta péré dì mú.

Bóòtù

Bóòtù bàálù tó jẹ́ irin ní àmì àgbélébùú tàbí ìràwọ̀ lórí. Èyí tí wọ́n ṣe kó há ihò rẹ̀ gan-an ní àmì igun mẹ́ta lórí. Bóòtù tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí ní ṣọ́ọ̀bù, nǹkan gidi ni, ó lè di jẹnẹrétọ̀ mú fún ogún ọdún. Kò ní ibi tí yóò lọ níbí. Nọ́ọ̀tì tó bá ti tú, tó ní ike nínú, tí ẹ lè fi ìka yí lórí eyín bóòtù, ẹ jù ú nù. Pín tí a ń ká létí, a kì í lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi tọ́ọ̀kù sípánà dì í bí ìwé ṣe sọ. Bí ihò bá ti gùn bí ẹyin, ẹ pe ọ̀gá, torí ìyẹn kò sí lábẹ́ àtúnṣe kékeré mọ́.

Ohun tí a lè tún ṣe

Kò pọ̀. Bí ìpáàrà bá wà lójú òde ọ̀pá irin, tó fúyẹ́, tó sì ti yege àyẹ̀wò inú, ẹ lè fi bébà ìfágbọ̀n kíkúnná fá a, ẹ wọn ibi tó jìn sí, ẹ fi pírámà àti ọ̀dà bò ó lọ́jọ́ kan náà. Bí ọ̀rinrin bá sùn lórí irin tó wà ní ìhòòhò, ẹ ó tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Kí ẹ tó dí i padà, ẹ da òróró linseed tàbí èyí tí àṣẹ náà bá dárúkọ sínú rẹ̀, ẹ dí ẹnu méjèèjì, ẹ yí ọ̀pá lọ yí i bọ̀ kó lè kárí, ẹ wá dojú rẹ̀ dé kó ro tán.

Lára alumíníọ́mù, ojú ibi tó ha tí kò jìn ju bí ìwé ṣe gbà lè gba fífá títí etí rẹ̀ kò fi mú mọ́, pẹ̀lú gígùn ọ̀pá, kì í ṣe ní ìdábùú. Ẹ má fi kànìnkànìn onírin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò kàn án, tàbí búrọ́ọ̀ṣì onírin. Èérún irin á sùn sínú alumíníọ́mù, níbẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Nípa wẹ́dì: ìwé FAA tó ń jẹ́ AC 43.13-1B fi hàn bí wọ́n ṣe lè fi irin inú àti ti òde so ọ̀pá onírin tó fọ́, àmọ́ àtúnṣe ńlá nìyẹn, tó ń béèrè wẹ́dà tí wọ́n ti dán wò àti ìbuwọ́lù tó tọ́. Kò sí ohun tó jọ ọ́ fún ọ̀pá Cessna. Èrò tèmi ni pé kí ẹ ra ọ̀pá tuntun tí wọ́n dí pa. Owó rẹ̀ ń dun ni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti padà sípò, kí ẹlòmíràn tí kò bá yín ṣe é wá yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n wọn ìdúró apá. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí bàálù, nọ́ńbà àṣẹ náà, irinṣẹ́ tí ẹ lò, ohun tí ẹ rí, sínú logbook. "Ó dára" kì í ṣe àkọsílẹ̀.

Ọ̀pá tó kùnà ńkọ́? Nígbà tí mo gbé ti ọjọ́ yẹn síta, ìyá aládùúgbò mi kan rí i. "Ọmọ mi, irin yìí mà dára o, ẹ jẹ́ n fi ṣe òpó áńténà." Mo ní kí wọ́n má bínú. Ohun tó dán tó bẹ́ẹ̀, bó bá dé ọjà, á rí ẹni tó máa so ó mọ́ bàálù. A fi ayùn gé e sí ọ̀nà mẹ́rin, a gba ihò sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo wá fún ìyá náà ní méjì. Wọ́n fi ti tòmátò wọn.